Ọjọ́ Tuntun, Oògùn Àtijọ́

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àká-ìwífún ilé ìwòsàn kan, èyíinì ni àká inú ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí a ń kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn pamọ́ sí. Nígbàkígbà tí aláìsàn bá rí oníṣègùn, ìlà kan ni yóò wọ inú àká náà: orúkọ aláìsàn, ọjọ́ tí ó wá, oògùn tí a ní kí ó lò. A kì í pa ìlà àtijọ́ rẹ́. Tuntun a máa tẹ̀lé ògbólógbòó, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ kan ṣoṣo lè ní ogún ìlà.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin olùtọ́jú aláìsàn tí ó máa ń bẹ àwọn arúgbó wò nílé tọ̀ ọ́ wá. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ìlà kan péré ni mo fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó kẹ́yìn."

Ọkùnrin náà kọ ìbéèrè sí ẹ̀rọ. Ó ní kí ó pín àwọn ìlà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ, kí ó sì mú ọjọ́ tí ó kẹ́yìn jáde nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò sọ inú ìlà wo ni kí ó ti mú oògùn. Ẹ̀rọ yìí kò sì bi í léèrè. Ìlà tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà ni ó ti mú un. Ìwé jáde, ó mọ́, ó gún régé. Ọjọ́ tuntun wà níbẹ̀. Oògùn àtijọ́ ni ó jókòó tì í.

Olùtọ́jú náà dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Ó bu omi fún un, ó sì fi hóró oògùn méjì sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá fi àtàǹpàkò yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi, méjì kẹ̀?"

"Méjì ni wọ́n kọ, Ìyá. Ọjọ́ tí ẹ rí oníṣègùn kẹ́yìn nìyí, ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá."

"Ọjọ́ náà, tèmi ni. Oògùn yìí kì í ṣe tèmi mọ́. Méjì yìí ni ó gbé mi ṣubú ní balùwẹ̀. Láti ìgbà náà ni oníṣègùn ti ní kí n máa lo ìdajì hóró. Ẹni tí ń lo méjì, èmi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Bí o bá pàdé obìnrin náà lọ́nà, bá mi kó wọn fún un."

Ẹ̀rín pa olùtọ́jú náà, ṣùgbọ́n ó yára gba hóró méjèèjì padà.

Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu olùtọ́jú. Ó tún ìbéèrè rẹ̀ kọ. Ó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ wá ọjọ́ tí ó kẹ́yìn fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kí ó mú orúkọ àti ọjọ́ náà padà wọ inú àká, kí ó fi wọ́n wá ìlà tí ó ni wọ́n, kí ó sì gbé odindi ìlà náà jáde láì já ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tọ ìyá náà lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀.

Ìyá ní, "Dìde, ọmọ mi. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe yẹn ti lọ. Ìwọ ni mo rí."

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí àbúrò rẹ ni mo ṣe pa àkàwé yìí. Kì í ṣe pé o kò rí i. O mọ̀ pé òwúrọ̀ yìí ni ó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ní òun wá tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ tí ó sọ sí ọ níbi ìsìnkú ìyá yín, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ni o kà sí i létí. Ọjọ́ òní ni o mú, ìlà àtijọ́ ni o so mọ́ ọn. N kò ní kí o pa ìlà náà rẹ́. Àká kì í gbàgbé, ọkàn náà kì í tètè gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ, ìlà tí ó kẹ́yìn ni kí o mú, kí o sì mú un lódindi: ọjọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ tí omi kún. Ó ṣì jókòó sábẹ́ igi ọsàn níta. Ẹni tí o ń bá bínú kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Jáde lọ bá a.