Ìwé Ìwọ̀n Mojírádé
Ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Olóyè Fádairo, tó ń díje, kó ọmọlẹ́yìn wá bá Mojírádé, télọ̀ tó háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀: kó fún àwọn ní orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo oníbàárà inú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó kẹ́rù jáde. Mojírádé kúnlẹ̀. “Ṣé kí n kọ́kọ́ bi wọ́n, sà?” “Bi ta ni? Kà á síta, kí àwọn ọmọ mi yìí máa kọ ọ́!” Ó ṣí ìwé, ó gbóhùn sókè: “Olóyè Fádairo. Fóòmù tó nípọn sí èjìká méjèèjì, kí àyà lè fẹ̀.” “Dákẹ́! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ síta láìgbàṣẹ nìyẹn?” Mojírádé pa ìwé dé. “Ohun tí àwọn tó kù nínú ìwé yìí náà máa bi mí nìyẹn, sà.” Olóyè ò sọ̀rọ̀ ìwé mọ́, kò sọ̀rọ̀ ẹrù, àmọ́ títí wọ́n fi jáde, èjìká rẹ̀ làwọn ọmọlẹ́yìn ń wò.