Igi Àfọ̀n Tí Ẹnì Kankan Kò Ni

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù kí ayùn wọ igbó Ìdí-Àfọ̀n. Ẹni tí ó bá mọ abúlé náà yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ìdí-Àfọ̀n kò ní odò. Gbogbo kànga tí wọ́n gbìyànjú láti gbẹ́ níbẹ̀, àpáta ni wọ́n ń bá pàdé. Ìsun omi kan ṣoṣo ni ó wà, tí ń sun láti abẹ́ gbòǹgbò igi àfọ̀n ńlá kan láàárín igbó, òjìji igbó yìí ni kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ló ń bo omi, omi ló ń bọ́ ènìyàn. Bí igi bá lọ, omi á lọ. Bí omi bá sì lọ, kò sí ohun tí ó kù ju kí kálukú di ẹrù rẹ̀ kí ó wá ìlú tí yóò gbà á.

Ìrántí ọjọ́ náà, ní ìgbà èwe rẹ̀, ni ó kún ọkàn Màmá Fẹ̀yìntọlá, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí àwọn ará abúlé ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ó ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí kẹ́yìn. Ilé ọkọ ló gbé e lọ sí Ìlọrin, òwò ló sì dá a dúró síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Jọláadé, di apá rẹ̀ mú.

“Màmá, ẹ rọra. Òkúta ló kún gbogbo ibí.”

“Ìwọ ni kí o rọra. Ẹsẹ̀ mi ti mọ òkúta wọ̀nyí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.”

Ẹ̀rín ni ó fi ń bo ẹ̀rù. Ó ní igi kan nínú igbó yẹn, kò sì mọ̀ bóyá ó ṣì wà ní ìdúró, tàbí bóyá wọ́n ti fún ẹlòmíràn nígbà tí wọn kò rí i mọ́. Kò sọ èyí fún Jọláadé. Ó kàn ní kí ó mú òun wá wo ilé tí òun ti kọ́ ìwé ni.

Wọ́n wọlé. Òórùn amọ̀ àti pákó gbígbẹ tí ó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un náà ni ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ògiri mẹ́rin ilé náà kò dọ́gba, nítorí pé agboolé mẹ́rin ni ó mọ ọ́n, agboolé kan sí ògiri kan, wọn kò sì fi ìdíje sílẹ̀. Ti ìlà-oòrùn tẹ̀ díẹ̀ títí di òní, àwọn ìdílé mẹ́ta yòókù kò sì yé fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn síléètì wà lórí pẹpẹ. Irin àgbá ọkọ̀ tí wọ́n ń lù bí agogo ṣì so rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwòrán ọkùnrin kúkúrú kan tí ó wọ kóòtù funfun sì wà lókè pátákó dúdú: Akínfẹ́nwá, Àjàgbé, kúkúrú bí ìkòkò tí ọgbọ́n kún inú rẹ̀, ẹgba-lọ́wọ́-má-nà, a-fi-ṣọ́ọ̀kì-jagun. Òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni ó fi kọ́ ọmọ lábẹ́ igi àfọ̀n kí ògiri kankan tó dìde.

Bọ́sẹ̀dé, ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń tọ́jú ilé náà, ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n wá láti ìlú sọ̀rọ̀. Ó fún Màmá ní àyè lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Màmá kò nílò ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un.

Àṣà kan ni ó fa ewu náà. Ní Ìdí-Àfọ̀n, bí àlejò bá ti jẹ iyọ̀ ilé ẹni, ẹ̀gàn ni kí a tún bi í léèrè ohun tí ó gbé dání. Ọ̀gá Gẹdú, ọkùnrin kan tí ń gé igi tà, mọ èyí. Ó dé nígbà tí Tíṣà Akínfẹ́nwá lọ sìnkú ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jẹ iyán pẹ̀lú Baálẹ̀ Àtàndá. Ní ọjọ́ kẹrin ó yọ ìwé. Ó ní ọ̀nà ni, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò máa gbà wá kó ọsàn wọn. Baálẹ̀ tẹ àtàǹpàkò sí i.

Fẹ̀yìntọlá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, ó gbé omi wá fún ìyàwó Baálẹ̀, nígbà tí Tíṣà padà dé tí ó sì ka ìwé náà.

“Bàbá, ta ló ka èyí fún yín?”

“Ṣé ẹni tó jẹ iyán mi ni kí n ní kó wá ka ìwé fún mi? Kí n sọ pé olè ni?”

“Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀, Bàbá. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹ ti fi fún un: ‘Gbogbo igi tí ẹnì kankan kò ni nínú igbó Ìdí-Àfọ̀n, ní ọjọ́ tí ayùn bá dé ìdí wọn.’ Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n dá.”

Baálẹ̀ wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni ń wo paramọ́lẹ̀. “Mo ti fi ìka kan ṣoṣo ta ìlú.”

Tíṣà tún gbé ìwé náà sójú. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, bí ó ti máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe. Nígbà tí ó gbójú sókè, ẹ̀rín ti wà ní ẹnu rẹ̀. “Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ wá, Bàbá. Igi mélòó ni ẹnì kankan kò ni nínú igbó yìí?”

Kí ìbéèrè náà lè yé wa, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìdí igi ni wọ́n ń sin ibi ọmọ sí ní abúlé yìí. Igi náà di ti ọmọ náà. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, ìyá á mú ọmọ lọ bu omi sí ìdí igi rẹ̀, nítorí náà kò sí ọmọ tí kò mọ tirẹ̀. Fẹ̀yìntọlá nìkan ni kò ní. Aláró ni ìyá rẹ̀, àtọ̀húnrìnwá tí ó tẹ̀lé omi dáradára dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ bu omi sí igi, ilé ni ó máa ń jókòó sí. Làmídì, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, a sì máa bi í pé, “Níbo ni tìẹ wà? Àbí inú ìkòkò aró ni wọ́n sin ibi rẹ sí?”

Ọjọ́ Ajé pé. Ọ̀gá Gẹdú wọ igbó pẹ̀lú lébìrà mẹ́fà àti ayùn gígùn. Tíṣà dúró lójú ọ̀nà nínú kóòtù funfun rẹ̀, ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ abíyá.

“Tíṣà, ìwé lo fẹ́ fi bá wa jà?”

“Ìwé lẹ gbé wá, Ọ̀gá. Ìwé ni mo fi wá pàdé yín.”

Ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. “Làmídì Àrẹ̀mú!” Láti ìdí ìrókò ni ohùn ti jáde: “Présẹ́ntì, sà!” “Abẹ́bí Ògúndáre!” “Présẹ́ntì, sà!” láti ìdí igi ọ̀mọ̀. Ọdún méjìlá orúkọ ni ó pè, àgbẹ̀ onírùngbọ̀n ń jẹ́, abiyamọ ń jẹ́, àwọn àgbà tí kò kàwé rí náà dúró sí ìdí tiwọn, igbó sì ń dún bí kíláàsì. Ibi tí ayùn bá yà sí, ènìyàn ni ó ń bá níbẹ̀, tí yóò wí pé ìdí igi náà ni wọ́n sin ibi òun sí. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìsun, ẹ̀rín padà sí ẹnu Ọ̀gá Gẹdú. Kò sí ẹnì kankan ní ìdí àfọ̀n.

“Èyí ńkọ́? Ibi ọmọ ta ni ó wà níbí?”

Àwọn tí ó tẹ ìlú dó ni wọ́n ti sinmi lábẹ́ igi náà; gbogbo ìlú ni ó ni ín, nítorí náà kò sí ìyá tí ó jẹ́ fi ibi ọmọ tirẹ̀ gbà á. Baálẹ̀ fẹ́ purọ́, ó ti ya ẹnu. Tíṣà mi orí sí i.

“Ọ̀gá, irọ́ lẹ fi wọ ìlú yìí, n kò ní fi irọ́ lé yín jáde. Kò sí ibi ọmọ kankan níbẹ̀.” Ó wá gbé ohùn sókè: “Fẹ̀yìntọlá ọmọ Aláró!”

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó sá pamọ́ sí, níbi tí ìyá náà gbé ìkòkò aró kalẹ̀ létí omi. Orí nìkan ni ó yọ. “Présẹ́ntì, sà.”

“Lọ dúró sí ìdí igi rẹ.”

“Tíṣà, n kò ní igi.”

“Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ wí,” ni Tíṣà sọ fún àwọn ènìyàn. “Igi kan wà tí kò ní ọmọ. Ọmọ kan wà tí kò ní igi. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ yìí ti ń mu omi wa, a kò sì bi ara wa léèrè. Baálẹ̀, ẹ tẹ̀ka láti fi igi yìí fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Ẹ wá tẹ̀ka láti fi fún ẹni tí ó jẹ́ tiwa, kí ayùn tó dé ìdí rẹ̀.”

Baálẹ̀ Àtàndá kò bèèrè tàdáwà. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú ìkòkò aró, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ náà. Fẹ̀yìntọlá sáré, ó fi ẹ̀yìn ti àfọ̀n.

“Ẹ gé e!” ni Ọ̀gá Gẹdú kígbe.

Jìnádù, olórí àwọn lébìrà, wo ọmọ náà títí. Ó gbé ayùn sílẹ̀. “Ọ̀gá, èmi náà ní ibi tí wọ́n sin ibi mi sí. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ wá gbá ayùn mú.”

Àwọn lébìrà yòókù kò gbá a mú, ayùn gígùn kò sì ṣeé fà fún ẹnì kan. Wọ́n lọ, wọn kò padà mọ́.

“Títí di òní,” ni Bọ́sẹ̀dé ń wí níwájú pátákó, “àlejò tí ó bá wá gbé pẹ̀lú wa, igi ni a kọ́kọ́ ń fún un, kí a tó fún un ní ilẹ̀. Ó sì ti di èèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni mú ayùn wọ igbó yẹn. Ẹni tí ó bá wá síbí, a máa ń pe orúkọ fún un gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ti pè é. Bí olórúkọ bá ti kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dáhùn pé, ‘Igi rẹ̀ wà.’”

Ìwé náà wà lábẹ́ gíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Làmídì Àrẹ̀mú. “Igi rẹ̀ wà,” ni àwọn ọmọ dáhùn. Màmá mi orí. Kò mọ̀ pé Làmídì ti lọ. Abẹ́bí Ògúndáre. “Igi rẹ̀ wà.” Nígbà tí ó dé ibi tí ìtẹ̀ka aró wà, tí ó ti ṣá bí aṣọ àlòkù, ó dá ọwọ́ dúró.

“Fẹ̀yìntọlá ọmọ Aláró. Ẹ má dáhùn èyí o. A kò gbọ́ pé ó kú, a kò sì mọ ibi tí ó wà. Tíṣà kìlọ̀ kí ó tó dolóògbé pé a kò gbọdọ̀ fún ẹlòmíràn ní igi rẹ̀. A ń dúró dè é ni.”

Jọláadé yíjú padà, ó rí i pé ìyá-ìyá òun ti di bẹ́ǹṣì iwájú rẹ̀ mú, ó sì ń dìde. Ó dúró ṣánṣán, ọwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ iléèwé.

“Présẹ́ntì, sà.”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, nítorí obìnrin ni Bọ́sẹ̀dé. Bọ́sẹ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó wo arúgbó náà, ó wo ìtẹ̀ka aró inú ìwé, ó tún wo arúgbó náà. Ó kúnlẹ̀. Ohun tí Tíṣà sọ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀wọ̀ sí i.

“Màmá, ẹ lọ dúró sí ìdí igi yín.”