Bí Àwọn Ará Slámov Ṣe Sìn Òtútù Jáde

Ọmọ Slámov, jókòó dáadáa, nu imú rẹ: orírun rẹ ni a fẹ́ sọ. Lóòótọ́, abúlé náà ti wà ní ilẹ̀ Moravia, lórílẹ̀-èdè Czech, láti ẹgbẹ̀rin ọdún. Ṣùgbọ́n ilé lásán ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ tó di ìlú ni à ń wí.

Vlasta ló tẹ̀ ẹ́ dó. Vlasta ọmọ Horák, apínlẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, arìnnà-yìnyín-má-ṣubú, ẹni tí gbogbo ajá mọ̀ tí wọn ò sì fẹ́ràn. Lọ́dún náà òtútù wọlé, kò jáde mọ́. Oṣù kẹta ń parí lọ, kálukú ṣì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ọjọ́ méjì ni ìyá àgbà kan fi wà nílẹ̀ yàrá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ṣubú. Ìyẹn ò kúrò lọ́kàn Vlasta.

Àmì wá láti ẹnu rédíò. Ohùn náà ní, "Yìnyín tún ń bọ̀." Ni Vlasta bá rántí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe, tí wọ́n ti pa tì láti ọgọ́ta ọdún: wọn a fi koríko gbígbẹ ṣe ère obìnrin kan, Morana, òtútù òun ikú fúnra rẹ̀, wọn a wọ àkísà fún un, wọn a fi orin sìn ín dé odò, wọn a sọ ọ́ sómi. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí wọn ó fi délé. Ẹyọ ẹnì kan tó bá wẹ̀yìn, òtútù bá gbogbo wọn délé nìyẹn.

Ó kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Àwọn kan ní àwọn ń bọ̀ wá rẹ́rìn-ín. Mọ́kàndínlógún ló wá.

Bohumil ọkọ rẹ̀ ló wọṣọ fún Morana, ó sì fi ìborùn ńlá bò ó láti òkè délẹ̀. Vlasta wá kóòtù tirẹ̀ títí láàárọ̀ náà, kò rí i, ó wọ súwẹ́tà jáde. Lórí afárá odò náà, wọ́n ju Morana, afẹ́fẹ́ gba ìborùn, Vlasta sì rí kóòtù rẹ̀ lára Morana: búlúù, èyí tó rà fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Morana há mọ́ ẹ̀ka igi létí omi. Vlasta kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ ilé.

Bohumil rìn díẹ̀, ó ní, "Vlasta, ọwọ́ mi á tó kóòtù náà. Ṣé kí n padà?"

"Bohumil, bí o bá bojú wẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ Morana ni kí o sùn lónìí."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Eyín Vlasta ń lu ara wọn. Ni Zdislava, aládùúgbò tí kò kí i láti ọdún mẹ́fà nítorí ọ̀rọ̀ ọgbà, bá sún mọ́ ọn lápá òsì, ó ní òun ò wá bẹ̀bẹ̀ o, afẹ́fẹ́ ni òun ń dí. Ẹlòmíràn gba apá ọ̀tún. Kí wọ́n tó délé, gbogbo wọn ti dì mọ́ra bí àgùntàn, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ sí àyè.

Yìnyín tí rédíò wí rọ̀ lọ́jọ́ kejì. A kì í fi ìyẹn sínú ìtàn.

Ìdí nìyí tí a fi ń pe afárá náà ní Má-Wẹ̀yìn. Títí dòní, Morana kì í wọ àkísà ní Slámov. Kóòtù gidi ni, ẹni tó bá sì fi tirẹ̀ sílẹ̀, àárín ni wọ́n ń fi í sí lọ́nà ilé. Bí wọ́n bá délé, wọn a wo ara wọn lójú. Ìlẹ̀kùn ẹni tí wọn ò bá rí ni gbogbo wọn ń lọ kàn, wọn kì í sì í tú ká títí ẹni náà yóò fi ṣí ìlẹ̀kùn.