Nọ́ńbà Orí Ìdérí Rédíétọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sí nọ́ńbà kankan lórí ìdérí rédíétọ̀. Kò sì sí irin kọ́lọkọ̀lọ láyà rẹ̀. Ó kàn máa ń bo ẹnu rédíétọ̀ ni, bí ọmọrí ìkòkò.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Ọlátẹ́jú, ó ní ọkọ̀ kékeré kan. Ẹ̀yin ọmọ, agboolé ni abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà o! Bàbá Ẹ́ńjìnnì ni baálé, inú sì máa ń tètè bí i. Rédíétọ̀ ló ń bá Bàbá mú omi tutù. Ìyá Rọ́bà ni àgbà obìnrin ilé, inú rẹ̀ ni omi ń gbà láti ọ̀dọ̀ Bàbá lọ sọ́dọ̀ Rédíétọ̀. Ìyá ti gbó, ara rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n ọ̀yàyà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gun òkè, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìdérí tó wà níbẹ̀ nígbà náà á jẹ́ kí omi tú dànù. Bàbá Ẹ́ńjìnnì á figbe ta, "Òùngbẹ ń gbẹ mí o! Ẹ̀yin ará ilé yìí fẹ́ pa mí!" Ọlátẹ́jú á páàkì, á máa wá omi kiri inú igbó.

Nígbà tó sú Ọlátẹ́jú, ó lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ó ní, "Èyí tó le jù lọ nínú ìdérí rẹ ni kí o fún mi." Kò béèrè nǹkan mìíràn. Bí ìdérí tuntun náà, Àdìgún, ṣe dé ilé nìyẹn.

Àdìgún ń dán gbinrin, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Rọ́bà, kó bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, kó tó jókòó. Àdìgún kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gun orí Rédíétọ̀, ó fún ara rẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

Ó ní, "Ẹ kú ilé o! Láti òní lọ, ẹ̀kán omi kan kò ní jáde níbí. Mo búra!"

Ìyá Rọ́bà rẹ́rìn-ín. "O káre, ọkọ mi. O ò wá ní bi mí bí ara mi ṣe rí kí o tó búra?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Èmi nìyí!"

Lóòótọ́, nǹkan dùn. Omi tí Àdìgún há mọ́ kì í tètè hó. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ń kọrin gun òkè. Àràárọ̀ ni Ìyá Rọ́bà ń kí Àdìgún, "Ọkọ mi, ṣé dáadáa lo jí?" Ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí Àdìgún fi fẹ́ràn ìyá arúgbó náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Ọlátẹ́jú kó iṣu kún ọkọ̀ bámúbámú, ó dorí kọ òkè. Ara Bàbá Ẹ́ńjìnnì gbóná girigiri. Omi ń ti Àdìgún láti ìsàlẹ̀, Àdìgún di eyín mú un.

Lójijì, Rédíétọ̀ kígbe, "Àdìgún, wo Ìyá!"

Yéè! Ìyá Rọ́bà ti wú bí bàlúùnù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú. Ojú ibi tó ti sán ń là sí i.

"Jẹ́ kí omi díẹ̀ jáde! Ìyá fẹ́ bẹ́!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú omi mi!" ni Bàbá Ẹ́ńjìnnì bú mọ́ wọn. "N ó jóná!"

"Mo sì ti búra," ni Àdìgún wí.

Ìyá Rọ́bà kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn rọra sọ pé, "O ṣeun, ọkọ mi. Ó dàbọ̀."

Àyà Àdìgún já. Ó gbàgbé ìbúra, ó gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀. Ṣííììì! Omi fò jáde sínú ike ìgbomi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ara Ìyá ṣe rọ̀, ó tún yára padà sílẹ̀, omi tó kù sì tó Bàbá gun òkè náà dé òkè.

Àdìgún bú sẹ́kún. "Ìyá, ẹ foríjì mí. N kò bi yín bí ara yín ṣe rí."

"Ta ní ń bá ọkọ rẹ̀ jà?" Ìyá fi ìka rẹ̀ gbígbóná kọ nọ́ńbà kan sí i lórí. "Ibi tí mo lè fara dà á dé nìyí. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, jọ̀ọ́, rántí mi."

Láti ọjọ́ náà ni àyà ìdérí rédíétọ̀ kò ti dúró sójú kan mọ́. Irin kọ́lọkọ̀lọ tó ń fò sókè sódò nínú rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà náà ni nọ́ńbà ti wà lórí rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí ìdérí ṣe lágbára tó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Rárá o. Bí ara Ìyá Rọ́bà ṣe gbà á tó ni.