Fèrèsé Tí Àwẹ̀ró Ní Kí Wọ́n Dí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwẹ̀ró kò béèrè. Ọkọ rẹ̀ ní kí bíríkìlà fi yàrá kan kún ilé tuntun wọn, kò sì sọ ẹni tí yóò gbé e. Ọkàn obìnrin náà sọ fún un pé orogún ni. Bí ọkọ ti rè oko, ó tọ bíríkìlà lọ.

“Ẹ bá mi dí fèrèsé yẹn. Kí orogún tó ń bọ̀ máa fi ooru bora sùn.”

“Ìyá, ṣé Baba gbọ́ sí i?”

“Ṣé àlejò ni mo jẹ́ níbí ni?”

Bíríkìlà dí i.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ìyá tó bí Àwẹ̀ró ló gbẹ́rù wọ yàrá náà.

“Ọkọ rẹ bẹ̀ mí títí kí n tó gbà láti wá bá yín gbé,” ni ó wí, bí ó ti ń fọwọ́ wá fèrèsé lára ògiri. “Àwẹ̀ró, ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi sé mi mọ́ inú òkùnkùn?”