Àbẹ̀jẹ́ Amọ̀kòkò àti Iná Jagun

"Tú ahéré yìí."

"Mi ò tú u."

"Àbẹ̀jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rẹ ni mo ń bá ọ sọ."

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ni mí, Jagun. Kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná, kí o tó máa bínú."

"Bí mo bá tún bá a níbí lọ́la, n ó sun ún mọ́ ọ lórí."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí lẹ́bàá odò ìlú Ìsàgbà nígbà tí Ògúnkọ̀yà jẹ́ Jagun ìlú náà. Idà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn akónilẹ́rú wọlé, nítorí náà kò sí àgbà tó jẹ́ bá a wí lórí kùmọ̀ tó fi ń lu Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Àbẹ̀jẹ́, ọmọ amọ̀kòkò-má-jò, obìnrin kúkúrú bí ààrò, tí ń fi ọwọ́ lásán yọ ìkòkò nínú ẹ̀yinná, ni ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò yìí sá tọ̀ ọ́ wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àbẹ̀jẹ́ bi í pé kí ló fi ṣe ọkọ rẹ̀, tó mú un padà, tó sì kúnlẹ̀ bẹ Jagun. Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró kò sá wá mọ́. Ìyẹn gan-an ló ba Àbẹ̀jẹ́ lẹ́rù. Ó lọ wò ó, ó bá ojú rẹ̀ kan tó wú pa. Àwẹ̀ró ní orí àpáta lòun ṣubú sí.

Àwọn ọkùnrin ilé wọn ní kí àwọn lọ fa Àwẹ̀ró jáde, Àbẹ̀jẹ́ kọ̀. Òfin Ìsàgbà ni pé ìyàwó tí wọ́n bá fà jáde, ọkọ lè fi idà gbà á padà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nílé ẹlòmíràn, ibẹ̀ ló ń gbé. Ni Àbẹ̀jẹ́ bá kọ́ ahéré sójú ọ̀nà tí Àwẹ̀ró ń gbà pọnmi. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ amọ̀ àti ewúrẹ́ àti ìyá wọn. Lọ́jọ́ mìíràn Àwẹ̀ró á bú u pé ó fẹ́ tú ilé òun. Bó bá di ọjọ́ kejì, Àbẹ̀jẹ́ á tún kí i. Kò sọ fún un rí pé kó fi ọkọ sílẹ̀; ẹní méjì ló kàn ń tẹ́ sínú ahéré náà.

Ní ọjọ́ kejì ìhàlẹ̀ náà, Jagun dé pẹ̀lú ọmọ ogun méjìlá àti ògùṣọ̀. Àbẹ̀jẹ́ ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde níbẹ̀."

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé yìí ní. Èmi ni."

Àwẹ̀ró yọ láti odò, ìkòkò omi lórí. Jagun ní kó gbé omi lọ sílé. Ó kọjá lára ọkọ, ó kọjá lára ahéré pàápàá, Àbẹ̀jẹ́ sì ń gé ètè jẹ kó má baà pè é. Ni Àwẹ̀ró bá dúró. Ó yí padà, ó rọra tẹ orúnkún ba níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀ mí."

Àbẹ̀jẹ́ sọ ìkòkò náà kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ahéré. Jagun gbé kùmọ̀ sókè. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ki ògùṣọ̀ bọ inú omi náà, ó ní, "Ó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, Jagun. Èmi kì í bá òfin jagun." Àwọn yòókù sì fà sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí ìlú tó dìde lórí ilẹ̀ náà fi ń jẹ́ Ìsọ̀mí, tí ẹnikẹ́ni tó bá pàdé obìnrin tó rẹrù wọlé níbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kó tó bi í léèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ahéré kan ṣoṣo ni. Jagun tutọ́ sílẹ̀, ó búra pé òun ń padà bọ̀, ó sì kẹ́yìn sí wọn. Àwẹ̀ró pè é láti ẹnu ọ̀nà:

"Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ dúró lódìkejì odò kí ẹ pè. Àwa la ó sọ bóyá a wà nílé."