Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Láṣebìkan

Ọdún méje ni Láṣebìkan alápatà fi pa màlúù ọdún fún agboolé wọn, kò fi ọ̀bẹ ha ẹnikẹ́ni lára. Lọ́dún yìí, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, oògùn já bọ́ lápò rẹ̀. Baálé ní kí ló wà fún.

"Àìsàn ọpọlọ ni, Bàbá. Mò ń lò ó láràárọ̀, ara mi sì le."

Baálé fò sẹ́yìn. "Ẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ wèrè!"

Wọ́n gbà á. Láṣebìkan bá jókòó sídìí ògiri, ó ń wo àwọn tí orí wọn pé. Wọ́n pa màlúù tán, ó ku pípín. Baálé ní òun lòun ni igẹ̀ nítorí òun lòun dàgbà jù. Àbúrò rẹ̀ ní irọ́ ni. Kí a tó wí, Baálé ti bọ́ agbádá, ó na ọ̀bẹ sí ọmọ ìyá rẹ̀. Ìyẹn náà gbé ẹsẹ̀ màlúù, ó fi gbá a létí.

Láṣebìkan dìde, ó rọra gba ọ̀bẹ, ó sì pín ẹran náà fún wọn.

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, Bàbá, a ò mọ èyí tí inú ń run."

Ó wá gbé oògùn rẹ̀ mì. "Ǹ bá fún yín níbẹ̀, àmọ́ kò lè kárí agboolé."